Ìbéèrè Ni Kí Ẹ Fi Kọ́ Anátómì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú làálàá ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín, ohun yòówù tí mo bá sì sọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìdánwò anátómì, ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe rí, ń gbé ṣubú ni wọ́n kàwé. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n fi bírò aláwọ̀ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ títí ojú ìwé fi kún. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò bi ara wọn ní ìbéèrè. Ìdánwò kò ní ní kí ẹ wá kàwé fún òun. Yóò ní kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ jáde láti inú orí, nígbà tí ìwé kò sí nítòsí, tí aago sì ń sáré. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni kíkà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni yíyọ jáde. Ẹni tó bá ń kà nìkan lójoojúmọ́ ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé fún un.

Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọsílẹ̀ kúkurú. Àwọn kan fi sáà 4 kà á. Àwọn mìíràn fi sáà 1 péré kà á, wọ́n wá gba ìwé lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀, ìgbà 3 ni wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kà á ní sáà 4 ló rántí jù. Àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ 1 kọjá, ọ̀rọ̀ dorí kodò: àwọn tó ń tún un kà rántí nǹkan bí 40 nínú 100, àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí nǹkan bí 61. Ẹ wo ibi tí ẹ̀tàn náà fara pamọ́ sí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kàwé, àkàtúnkà ló máa ń fi yín lọ́kàn balẹ̀ jù. Ojú ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ọkàn á wá rò pé òun náà ti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tó ń sọ pé, "Mo mọ̀ ọ́n, kò kàn wá sórí mi ni." Kò tíì mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí ẹ bá ka ojú ìwé 3 tàbí 4 tán, ẹ pa ìwé dé. Ẹ mú ìwé tí kò ní ohunkóhun lára. Ẹ kọ ohun tí ẹ rántí, ẹ ya èyí tó ṣeé yà. Yóò nira, yóò sì dà bíi pé ẹ kò mọ nǹkan kan. Ìnira yẹn gan-an ni iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé, ẹ fi bírò pupa kọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀ àti èyí tí ẹ ṣì kọ. Lọ́jọ́ kejì, ara pupa yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú brachial plexus, ìdìpọ̀ nerve (okùn tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ láàárín ọpọlọ àti ara) tó ń sin apá, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un. Ẹ kọ C5, C6, C7, C8 àti T1, àwọn gbòǹgbò nerve tó ti ọrùn àti òkè àyà jáde, sí ẹ̀gbẹ́ kan, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. C5 àti C6 yóò pàdé di upper trunk, C7 yóò dá rìn di middle trunk, C8 àti T1 yóò di lower trunk. Trunk kọ̀ọ̀kan yóò là sí méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ìyẹn division 6. Àwọn 3 tó wà lẹ́yìn yóò parapọ̀ di posterior cord. Ti iwájú láti ara upper àti middle yóò di lateral cord, ti iwájú láti ara lower yóò dá nìkan di medial cord. Láti ara posterior ni axillary àti radial ti jáde, láti ara lateral ni musculocutaneous, láti ara medial ni ulnar, median sì ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ lateral àti medial. Ìlà ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí orúkọ tó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè gbà yín tó ìṣẹ́jú 10, àṣìṣe yóò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa yà á lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí yóò fi di ìṣẹ́jú 2. Èyí tó ń bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á. Àdàkọ nìyẹn, ọwọ́ nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí yàrá tí a ti ń la òkú, nítorí ibẹ̀ ni anátómì wà gan-an. Èdè wa lè fi ìṣòro ibẹ̀ hàn wá. Iṣan ni à ń pe ẹran tó ń fa eegun. Iṣan ni à ń pe òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan náà la tún ń pe okùn funfun tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, àti èyí tó so ẹran mọ́ eegun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn, ohun tó máa rí nìyẹn: gbogbo rẹ̀ jẹ́ iṣan, gbogbo rẹ̀ sì fara jọ ara wọn. Nínú ìwé àwòrán, artery (òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn) pupa, vein (èyí tó ń gbé e padà) jẹ́ búlúù, nerve jẹ́ yẹ́lò. Nínú òkú tí fọ́málíìnì ti wọ̀ lára, kò sí pupa, kò sí búlúù. Àwọ̀ eérú àti àwọ̀ igi gbígbẹ ni ẹ ó bá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé ìwé àwòrán nìkan ló wò, ọjọ́ ìdánwò ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọ̀ lòun ń kọ́ látọjọ́ yìí.

Ìka ni ẹ ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mú nǹkan náà sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, ẹ rọra yí i síwá sẹ́yìn. Artery nípọn lára. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò padà róbótó bíi rọ́bà, ẹ ó sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo. Vein tinrin, ó sábà máa ń fẹ̀ ju artery tí wọ́n jọ ń rìn, ó sì máa ń pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ dídì dúdú máa ń wà nínú rẹ̀. Nerve kò ní ihò nínú. Ó dà bí okùn tí a fi fọ́nrán púpọ̀ lọ́ pọ̀, títẹ̀ kì í sọ ọ́ di pẹlẹbẹ. Tendon ń dán, ó le, bí ẹ bá sì tẹ̀lé e, ẹ ó bá ẹran ní ìpẹ̀kun kan, ẹ ó bá eegun ní ìpẹ̀kun kejì. Ẹ ṣe èyí lórí òkú ju ẹyọ kan lọ, nítorí artery ẹnì kan kì í fi gbogbo ìgbà ya síbi tí ti ẹlòmíràn ti ya. Ẹ má sì dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Lọ́pọ̀ ibi, wọn kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú nìkan ni ẹ ó fi wò ó, ojú tí ọwọ́ ti kọ́ nìkan ló sì ń ríran níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ bo òkú náà dáadáa, kí fọ́málíìnì má gbẹ lára rẹ̀. Ẹnì kan ni, ẹni tó ń kọ́ yín ní ohun tí alààyè kankan kò lè jẹ́ kí ẹ fi ara òun kọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mi ò mọ òwe mìíràn tó bá steeplechase, ìdánwò tí a ti ń lọ láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn láti dárúkọ ohun tí wọ́n fi píìnì gún, mu tó èyí. Bí ẹ bá rí píìnì lára okùn kan níwájú itan, ẹ má tíì wo okùn náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé tó wà. Inguinal ligament, okùn líle tó wà níbi tí ikùn ti pàdé itan, ló wà lókè, ẹran sartorius wà ní ìhà òde, ẹran adductor longus wà ní ìhà inú: femoral triangle nìyẹn. Nínú ilé yìí, láti òde wá sí inú, nerve ló kọ́kọ́ wà, artery tẹ̀lé e, vein tẹ̀lé artery, lẹ́yìn vein ni ọ̀nà tí lymph, omi ara, ń gbà. Bí okùn tí wọ́n gún bá wà lọ́wọ́ òde pátápátá, femoral nerve ni, ì báà dọ̀tí, ì báà já. Ètò yìí kan náà ni dókítà ń lò nígbà tó bá ń wá femoral vein tí yóò gún: ó máa fi ìka wá ibi tí artery ti ń lù, á wá gbé abẹ́rẹ́ sí ìhà inú rẹ̀. Ẹ lè wá ìlù yẹn lára yín nísinsìnyí, ní àárín gbùngbùn ibi tó wà láàárín ṣóńṣó eegun iwájú ìbàdí àti ibi tí eegun abẹ́ ikùn ti pàdé ara wọn.

Ara yín ni ìwé tí kò wúwo jù. Ẹ ká apá, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn kókó eegun tó wà ní ìhà inú ìgúnpá. Okùn kan wà níbẹ̀ tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìka ọwọ́ tó kéré jù yóò jí pẹ̀rẹ̀: ulnar nerve nìyẹn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án lára ara rẹ̀ kò tún ní gbàgbé pé ẹ̀yìn medial epicondyle ló ń gbà.

Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé eegun méjì ló para pọ̀ di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ènìyàn, nítorí ẹranko ló là. Ó lé ní 1,000 ọdún tí àwọn olùkọ́ fi ń kà á bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí Andreas Vesalius, olùkọ́ anátómì, tó fi hàn ní ọdún 1543 pé eegun kan ṣoṣo ni. Àwọn olùkọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kò wo àgbọ̀n.

Ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ mi ni ìdí. Ohun tí a bá mọ ìdí rẹ̀ kì í tètè ṣí lórí. Ẹ gbé humerus, eegun apá òkè, síwájú. Nerve 3 ló fara mọ́ ọn tímọ́tímọ́, ibi tí eegun náà bá sì ti dá ni yóò sọ èyí tó fara pa. Bí ó bá dá ní surgical neck, lábẹ́ orí rẹ̀, axillary nerve ló wà nínú ewu. Deltoid, ẹran èjìká, kò ní lágbára mọ́, apá yóò ṣòro gbé sókè sí ẹ̀gbẹ́, awọ tó wà ní ìhà òde èjìká yóò sì kú tipiri. Bí ó bá dá láàárín, níbi tí radial nerve ti fara lọ́ ọ lẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ yóò rọ wálẹ̀, kò ní ṣeé gbé. Síbẹ̀, aláìsàn náà ṣì lè na ìgúnpá rẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ̀ka tó ń lọ sí triceps, ẹran tó ń na ìgúnpá, ti kúrò lára nerve náà kó tó dé ibi tí eegun ti dá. Bí ó bá wá jẹ́ medial epicondyle ló kán, ulnar nerve ni. Ìka tó kéré jù àti ìdajì èyí tó tẹ̀lé e yóò kú, yíya ìka kúrò lára ara wọn yóò sì di ogun.

Ẹ wo bí ìbéèrè 3 yìí ṣe kó eegun, nerve, ẹran àti awọ jọ sójú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó há àwọn ohun tí radial nerve ń sìn sórí lọ́tọ̀, tó há eegun lọ́tọ̀, ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju èyí lọ, kò sì ní lè dáhùn "kí ló dé tí triceps ṣì ń ṣiṣẹ́?" Ibẹ̀ ni olùdánwò ti ń mọ ẹni tó lóye.

Bákan náà ni ti recurrent laryngeal nerve tó ń sin ohùn. Ti ọ̀tún yípo subclavian artery, èyí tó ń lọ sí apá, ó sì padà sókè. Ti òsì sọ̀kalẹ̀ wọ inú àyà, ó yípo aorta, artery ńlá tó ti ọkàn jáde, kó tó padà. Inú oyún ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀: nerve méjèèjì há sábẹ́ artery pharyngeal arch kẹfà, ọ̀kan lára àwọn artery tó wà ní ọrùn ọmọ inú oyún. Apá kan artery yẹn pòórá ní ọ̀tún, nerve wá gòkè. Ní òsì, ó ṣẹ́ kù, ó di ductus arteriosus, ó sì so nerve mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró òsì fi lè kọ́kọ́ farahàn bí ohùn tó há. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò nílò láti há òsì àti ọ̀tún sórí. Àdápè àwọn lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi há nǹkan sórí wúlò fún ètò, àmọ́ kò lè sọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ lò ó, kí ẹ má ṣe gbára lé e.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí ẹ kọ́ lónìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè lórí rẹ̀ lálẹ́ òní, ní ọjọ́ kẹta, ní ọjọ́ keje, kí ẹ tún padà sí i ní nǹkan bí ọjọ́ 21. Káàdì ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó sì dára, bí ìbéèrè 1 bá wà lára káàdì 1. Káàdì tó ní kí ẹ sọ "gbogbo nípa kidney" kì í ṣe káàdì, ojú ìwé ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Kí ló wà níwájú kidney ọ̀tún lápá òkè?" Kí ìdáhùn, "ẹ̀dọ̀", wà lẹ́yìn káàdì náà. Káàdì tuntun 20 lójúmọ́ ti tó. Ẹni tó bá ń fi 60 kún un lójúmọ́ yóò rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì pé àtúnyẹ̀wò nìkan ti gba gbogbo wákàtí òun. Káàdì tí ẹ bá kùnà padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́, láìfi àánú ṣe. Ètò orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bíi Anki lè bá yín ka ọjọ́ wọ̀nyí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún káàdì ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀: ìdajì ẹ̀kọ́ wà nínú kíkọ ìbéèrè náà fúnra yín.

Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ 6, apá lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ ọ̀kan, àyà ọ̀kan, ikùn pẹ̀lú ìbàdí ọ̀kan, kí orí àti ọrùn gba ọ̀kan gbáko, nítorí ibẹ̀ ni nerve ti pọ̀ jù láyè kékeré. Ọ̀sẹ̀ kẹfà kì í ṣe fún ohun tuntun. Ìbéèrè àdàlù ni kí ẹ fi kún un: ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọrùn, lẹ́yìn náà ọkàn. Bí ìdánwò ṣe máa ń pa wọ́n pọ̀ nìyẹn, orí sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn.

Histology, ẹ̀kọ́ nípa ẹran ara tí a ń fi awò amúǹkan-tóbi wò, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá díẹ̀ wò ó ná, ẹ bèèrè bóyá ihò wà láàárín rẹ̀, irú awọ wo ló tẹ́ ihò náà, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi awò tó lágbára jù bẹ̀rẹ̀ yóò rí sẹ́ẹ̀lì, kò ní rí ẹ̀yà ara.

Fún ìdánwò àfẹnusọ, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹnì kan á di eegun mú, á sì bèèrè. Ẹnì kan á dáhùn sókè, kì í ṣe nínú ọkàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí ìwé títí ìdáhùn yóò fi parí. Bí olùdánwò bá gbé eegun lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí bó ṣe wà lára, kí ẹ tó la ẹnu. Orí humerus máa ń wo òkè àti àárín ara, kòtò ńlá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá dì í mú bẹ́ẹ̀ níwájú yín, tí orí rẹ̀ kọjú sí òsì yín, apá ọ̀tún ni. Orúkọ, ẹ̀gbẹ́, ibi tó wà, ohun tó so mọ́ ọn, ohun tó yí i ká, ẹ̀jẹ̀, nerve, iṣẹ́, àìsàn: bí ẹ bá ń tẹ̀lé ètò yìí, ẹ̀yin ni ẹ ó máa darí olùdánwò.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ẹ sùn. Oorun ni ọpọlọ fi ń tò ohun tí ẹ kọ́ sípò, wákàtí mẹ́rin tí ẹ bá jí gbé lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gba ju ohun tó fún yín lọ.

Ní steeplechase, nígbà púpọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 1 ni ẹ ní nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ìbéèrè kí ẹ tó wo píìnì. Máàkì tó ń sọnù jù níbẹ̀ ni ti ẹni tí wọ́n bi pé nerve wo ló ń sin ẹran yìí, tó wá kọ orúkọ ẹran náà. Bí ẹ bá kọ "femoral" lásán, ẹ kò tíì dáhùn, nítorí nerve wà, artery wà, vein wà. Lẹ́tà 1 péré ló sì ya ilium, eegun ìbàdí, sọ́tọ̀ kúrò lára ileum, apá ìkẹyìn ìfun kékeré. Ibi tí wọn kò bá ti bi yín ní òsì tàbí ọ̀tún, ẹ má fi kún un, ẹ lè fi ṣìnà. Bí orúkọ kò bá wá, ẹ kọ ẹran tàbí artery tó wà ní tòsí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, nígbà mìíràn aládùúgbò ló ń fa ara ilé jáde. Bí aago bá dún, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má gbé e lọ sídìí tábìlì tó kàn. Ẹ wá wo nọ́ńbà tó wà lórí tábìlì náà àti nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kọ ìdáhùn sí, ní gbogbo ìgbà tí aago bá dún, pàápàá lẹ́yìn tábìlì ìsinmi tí kò ní ìbéèrè. Ẹni tó bá fo ìlà kan níbẹ̀ láìmọ̀, gbogbo ìdáhùn tó bá kọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò bọ́ sí ojú ìbéèrè mìíràn.